Ẹja Àyangbẹ Mọ̀nsúrát Di Ọ̀rọ̀ Ìjọba

Ní Ọjọ́ Ajé kan, Mọ̀nsúrát dé ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Jakande, ní Ilasan, ó bá ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Òǹtẹ̀ wà lórí ìwé náà. Ọdún kejìdínlógún rèé tí ó ti ń yan ẹja níbẹ̀, láti orí ààrò kan ṣoṣo títí ó fi di mẹ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó lẹ nǹkan mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ rí àfi àwọn olóṣèlú. Ó kọ́kọ́ rò pé ìbò ló tún dé. Nígbà tó wò ó títí tí kò rí àwòrán ẹnikẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó mọ̀ pé kì í ṣe ìbò.

Ó ké sí Sùlè ọkọ rẹ̀, tó ń fi àkísà nu kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ lẹ́bàá títì. Sùlè ka ìwé mẹ́wàá, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí wọ́n pè é wá ka nǹkan. Ó nu ọwọ́, ó wú ikọ́, ó ka ìwé náà tán pátápátá kí ó tó lanu.

"Wọ́n ní kí o *abate*."

"Kí n ṣe kí ni?"

"*Abate*. Òyìnbó ńlá ni. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí èèyàn rọra."

"Kí n rọra pẹ̀lú ta ni, Bàbá Ràhmát? Ta ni mo bá jà?"

"Èéfín ni. Wọ́n ní èéfín rẹ ti pọ̀ jù, pé àwọn ará àdúgbò ti fẹjọ́ sùn. Ìjọba ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù yìí. Bó bá kọjá ibi tí òfin fi í sí, wọ́n á ti ibí pa."

Mọ̀nsúrát wo ojú ọ̀run, níbi tí èéfín rẹ̀ máa ń gbà lọ. "Wọ́n fẹ́ wọn èéfín? Kóńgò ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n ni, àbí kílò?"

Sùlè tún tẹjú mọ́ ìwé. Ó ti rí nǹkan mìíràn lórí ìwé náà. "Wò ó, 'Monsurat Fish Industries' ni wọ́n kọ ìwé sí."

Orúkọ tí ẹni tó kun pátákó ìsọ̀ náà fi síbẹ̀ nìyẹn, torí pé àyè ṣẹ́ kù lára pátákó. Mọ̀nsúrát ní kí Sùlè tún ibẹ̀ kà. Inú ń bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó pè é ní Industries rí láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsọ̀ yìí, odi gíga kan wà. Ẹ́sítéètì Pearl Breeze ló wà lódì kejì, níbi tí àwọn lọ́yà, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo àti àwọn tó fẹ̀yìn tì ní báńkì ń gbé. Wọ́n ní torí afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun fẹ́ wá ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Afẹ́fẹ́ náà sì ń fẹ́ dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tó bá ti di ọ̀sán, orí ààrò Mọ̀nsúrát ló máa ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ilé tó sún mọ́ odi náà jù ni ti Rẹ̀míláyọ̀ Ọlálérè. Ọdún kẹta rèé tó ti fẹ̀yìn tì ní báńkì, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Ó ti fi ìwé àti fídíò bá ilé búrẹ́dì kan jà títí wọ́n fi gbé ọ̀nà èéfín wọn ga. Ó ti bá ilé fàájì kan ní etíkun Oniru jà títí tí orin wọn fi di nǹkan tí èèyàn lè sùn sí. Ẹja Mọ̀nsúrát ló kàn. Gbogbo kọ́tìnì ilé rẹ̀ ń rùn bí ẹja. Lọ́jọ́ tí àwọn àna rẹ̀ tuntun wá kí i, wọ́n kọ̀, wọn kò dìde. Ó pẹ́ kó tó yé e pé ẹja tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ ni wọ́n ń retí. Ajá rẹ̀ pẹ̀lú, ajá òyìnbó onírun gígùn, ti kọ oúnjẹ inú agolo sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ odi ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, tó ń gbé imú sókè.

Kí ìwé ìjọba tó dé ni Rẹ̀míláyọ̀ ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wásáàpù, ó pè é ní Afẹ́fẹ́ Mímọ́. Nígbà tó yá, àwọn méjìlá wọ aṣọ funfun, wọ́n fi ìbòmú bo imú, wọ́n sì wá tò síwájú ìsọ̀ Mọ̀nsúrát pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ sí i pé Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ WA KÌ Í ṢE ẸJA. Victor, alága ẹ́sítéètì, ló gbé e dání. Ọmọ Delta ni Victor, kò gbọ́ Yorùbá, ó sì dorí páálí náà kodò. Mọ̀nsúrát wo aṣọ funfun wọn, ó rò pé ìjọ kan ló wá wàásù. Ó kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun fi ọjà sínú àdúrà. Ọ̀kan nínú wọn sì ṣe àmín kó tó rántí ohun tó bá wá.

Fídíò ọjọ́ yẹn ló tàn ká. Rẹ̀míláyọ̀ mú un, ó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí àyíká. Ó tún fi ránṣẹ́ sí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní Lekki, ó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n mọ ibi tí ẹja tí wọ́n ń tà ti ń wá. Súpámákẹ́ẹ̀tì yìí ló ń gba ìdajì ẹja Mọ̀nsúrát ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé tí ìwé ìjọba dé náà ni máníjà wọn pè é lórí fóònù.

"Ìyá Ràhmát, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká dúró ná. Ìyá kan ní Pearl Breeze, tó máa ń fi ìwé bá èèyàn jà, ló fi fídíò ìsọ̀ yín ránṣẹ́ sí wa, àwọn oníbàárà sì ń bú wa lórí ẹ̀rọ ayélujára. Tí ẹ bá ti gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ẹ pè wá."

"Ẹja tí mo ti yàn sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé," ni máníjà wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mọ̀nsúrát jókòó sórí àpótí rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò ó. Ó dìde, ó wọ hìjáábù rẹ̀ tó dára, ó yí odi náà ká títí ó fi dé ẹnu géètì Pearl Breeze.

Mọ́gàdí bi í léèrè ẹni tó ń wá.

"Ìyá tó ń fi ìwé jà ni mò ń wá. Ẹ sọ fún wọn pé Monsurat Fish Industries ló dé."

Mọ́gàdí tẹ fóònù, ó ní, "Mà, Industries wà ní géètì."

Nínú ilé, Rẹ̀míláyọ̀ fò sókè. Ọjọ́ yìí ló ti ń retí látọjọ́ yìí, ọjọ́ tí ọ̀gá iléeṣẹ́ máa gbé lọ́yà rẹ̀ wá láti wá halẹ̀ mọ́ ọn. Ó yára pààrọ̀ aṣọ, ó to fáìlì mẹ́ta sórí tábìlì, ó sì tẹ fóònù rẹ̀ kí ó máa gba ohùn sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, obìnrin kan ṣoṣo ló wọlé, tó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ káàsán. Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Ọ̀gá wo?"

"Ọ̀gá iléeṣẹ́."

"Èmi náà ni," ni Mọ̀nsúrát wí. "Èmi ni ọ̀gá, èmi ni mò ń fọ ẹja, èmi náà ni mò ń fẹ́ná. Kí ni mo ṣe yín, mà?"

Rẹ̀míláyọ̀ wo fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi ọwọ́ kan pa fóònù rẹ̀. "Ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èéfín yín ni. Ó ń wọ ilé mi, ó ń wọ ìgbáàyà mi. Àwọn ọmọdé wà ládùúgbò yìí tí wọn kò lè mí dáadáa."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, mà. Igbó lẹ̀yìn odi yìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹja. Ejò ló ń gbé ibi tí ẹ jókòó sí yìí, kò sì fẹjọ́ mi sùn lọ́jọ́ kan."

"Ìyá, òfin ni òfin."

"Súpámákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé òfin ló ní kí ẹ pè wọ́n?"

Rẹ̀míláyọ̀ ní kí wọ́n fún àlejò lómi. Mọ̀nsúrát ní òun kò mu. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Kó tó dé géètì, ajá ti tẹ̀ lé e, ó ń lá etí aṣọ rẹ̀, àfìgbà tí mọ́gàdí fi agbára gbé e padà sílé.

Ọjọ́ kẹtàlá pé, òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Tájù lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, omi pàápàá. Ẹ̀rọ méjì ló gbé wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ nísọ̀ Mọ̀nsúrát, ó gbé èkejì sí Pearl Breeze, lábẹ́ fèrèsé Rẹ̀míláyọ̀. Ó ní kí oníkálukú máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é lójoojúmọ́.

Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ̀nsúrát wọ léèsì ọdún Iléyá. Igi tó gbẹ jù lọ ló wá, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn obìnrin rọra fẹ́ná bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ ọmọ tuntun tó sùn. Gbogbo ìgbà tí Sùlè bá gbé èrò kọjá ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀rọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ni yóò wí. Tájù ní kí ó jọ̀wọ́ má mí sí i.

Ní Pearl Breeze, Rẹ̀míláyọ̀ ti to àga kalẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Aago mẹ́wàá kù díẹ̀ ni iná mànàmáná lọ. Jẹnẹrétọ̀ méjì tó tóbi tó ọkọ̀ akẹ́rù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Àwọn méjèèjì bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tu èéfín dúdú kan sókè bí ìgbà tí wọ́n bá sun táyà. Ẹ̀rọ Tájù bẹ̀rẹ̀ sí í ké pípì, pípì, pípì.

Victor sáré lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀. "Off am! Off am now!"

Wọ́n pa á. Kíá ni àwọn ènìyàn yọ orí láti fèrèsé. Ẹnìkan wà lórí ìpàdé pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń pariwo pé ta ló paná. Ìyá àgbà kan ní ooru fẹ́ pa òun. Wọ́n tún tan án. Ẹ̀rọ tún ké. Tájù ń kọ̀wé ní tirẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó bi Victor pẹ̀lẹ́ pé, "Ìwé àṣẹ jẹnẹrétọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n rí i." Rẹ̀míláyọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Victor. Victor ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ń gba ìwé àṣẹ fún un.

Ọjọ́ kẹta, Tájù padà wá. Ó pe ìhà méjèèjì sí ẹnu géètì, ó ka èsì.

"Èéfín ẹja kọjá ìwọ̀n òfin ní ìlọ́po méjì."

Àwọn aláṣọ funfun pàtẹ́wọ́.

"Èéfín jẹnẹrétọ̀ kọjá ìwọ̀n òfin ní ìlọ́po márùn-ún."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́, àfi Sùlè.

"Jẹnẹrétọ̀ yín ń fẹ́ èéfín sí wọn ní òwúrọ̀, mà," ni Tájù wí fún Rẹ̀míláyọ̀, tó fẹ́ sọ̀rọ̀. "Afẹ́fẹ́ kì í tíì ti òkun wá ní òwúrọ̀. Láti ọ̀dọ̀ yín ló ń fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ tiwọn."

Mọ̀nsúrát yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ràhmát, ṣé ẹ gbọ́? Ikọ́ tí mò ń wú láàárọ̀, tí mo sọ pé ẹja ni, epo dísẹ́ẹ̀lì tiwọn wà nínú ẹ̀!"

Tájù fi tépù pupa òun funfun di ààrò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó wọ Pearl Breeze, ó yọ ìyókù tépù kan náà jáde, ó fi di jẹnẹrétọ̀ méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò dára fún ẹnikẹ́ni. Mọ̀nsúrát àti àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó síwájú ìsọ̀ láìrí nǹkan ṣe, wọ́n ń ka kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá. Ní Pearl Breeze, iná kò dúró ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́, àwọn ọlọ́lá ń fi páálí fẹ́ ara wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, Mọ̀nsúrát rí Victor tó ń bọ̀ tòun ti mọ́gàdí, wọ́n gbé kúlà ńlá kan. Àwọn méje mìíràn tẹ̀ lé wọn, oníkálukú pẹ̀lú kúlà tirẹ̀. Victor ṣí tirẹ̀. Tòlótòló àti ẹja àrọ̀ tó ti ń yọ́ ló kún inú rẹ̀.

"Madam, abeg," ni Victor wí, "help us dry am. Freezer don die."

Mọ̀nsúrát wo kúlà, ó wo Victor, ó wo tépù tó wà lára ààrò rẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa á, àmọ́ àánú ẹja yẹn ṣe é. Òun ò lè wo ẹja tó ń bàjẹ́. "Ọ̀gá, mi ò gbọdọ̀ dáná," ló wí, mọ́gàdí sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Victor. "Ẹ̀yin náà lẹ kò jẹ́ kí n dáná." Ṣùgbọ́n ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ pa ẹja àti bí wọ́n ṣe ń sá a sóòrùn. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹja àti tòlótòló fi wà lórí gbogbo bálíkónì Pearl Breeze, òórùn tó sì jáde níbẹ̀ ju ti ààrò mẹ́sàn-án lọ. Kò sẹ́ni tó ṣe fídíò rẹ̀.

Ọjọ́ Tọ́sìdé, Mọ̀nsúrát gba ọ́fíìsì Tájù lọ láti lọ bẹ̀ ẹ́. Rẹ̀míláyọ̀ ló bá lórí bẹ́ǹṣì, tí òun náà wá nítorí jẹnẹrétọ̀. Kò sí bẹ́ǹṣì mìíràn. Ó jókòó sí etí kejì. Wákàtí kan kọjá. Nígbà tó yá ni ikọ́ Mọ̀nsúrát dé, ó wú u, ó wú u, omi bọ́ lójú rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ yọ omi nínú báàgì, ó ṣí i, ó nà án sí i. Lọ́tẹ̀ yìí Mọ̀nsúrát mu ún.

"Bí ìyá mi ṣe ń wú u gẹ́lẹ́ nìyẹn," ni Rẹ̀míláyọ̀ wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Gàrí ni wọ́n ń yan, ní Ìjẹ̀bú Igbó. Ọgbọ̀n ọdún nídìí iná. Gbogbo wa ní òtútù ló ń mú wọn. Ìgbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti dúdú."

Mọ̀nsúrát dá ìgò omi náà padà fún un. "Ẹ ò ṣe sọ báyìí lọ́jọ́ tí mo wá sílé yín?"

"Mo ti to fáìlì kalẹ̀."

Bí ẹ̀rín ṣe pa àwọn méjèèjì nìyẹn, tí Tájù fi yọrí jáde láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó pè wọ́n wọlé. Ó ní kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú iṣẹ́ òun. Ààrò tó ní ọ̀nà èéfín, tí kò lo igi, ni Mọ̀nsúrát nílò. Ẹ́sítéètì gbọ́dọ̀ tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, kí wọ́n gbé páìpù rẹ̀ ga kọjá òrùlé. Ó wá já fọ́ọ̀mù fún wọn. Ti Mọ̀nsúrát tó ojú ewé mẹ́rìnlá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà níbẹ̀. Ti Rẹ̀míláyọ̀ ní kí wọ́n kọ orúkọ wẹ́dà tó ní ìwé ẹ̀rí, tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí wẹ́dà báyìí?" ni Rẹ̀míláyọ̀ wí bí wọ́n ṣe jáde.

"Ọdúnjọ wà ní Ajah," ni Mọ̀nsúrát wí. "Ẹ kọ fọ́ọ̀mù tèmi, màá mú yín lọ bá a."

Sùlè ló fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Rẹ̀míláyọ̀ kọ gbogbo ojú ewé mẹ́rìnlá, lórí àpótí ẹja, tó sì ń fi ìbínú bi Mọ̀nsúrát ní ìbéèrè. "Òṣìṣẹ́ mélòó? Ibo ni omi ẹja ń gbà lọ? Ẹ má sọ pé 'ibẹ̀ yẹn', ìjọba kò mọ 'ibẹ̀ yẹn'!" Ó tún kọ lẹ́tà mìíràn sí ilé ìfowópamọ́ alájẹṣẹ́kù kan tó mọ ọ̀gá ibẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi rí ohun tí wọ́n fi ṣe ààrò. Ní tirẹ̀, Ọdúnjọ ṣe ààrò onírin ńlá méjì tó ń lo gáàsì àti èédú díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà èéfín gíga. Ó gbé páìpù jẹnẹrétọ̀ náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí Victor fi béèrè bóyá bàálù kò ní kọ lù ú.

Tájù padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, pípì kankan kò dún. Ó tú tépù kúrò, ó fọwọ́ sí ìwé. Mọ̀nsúrát wé ẹja àrọ̀ mẹ́rin sínú bébà, ó nà án sí i.

"Rárá o, mà. Ìjọba ò gbà mí láyè." Ó palẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ọjọ́ Sátidé, tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́, mo lè wá fi owó ara mi rà á. Aago mélòó lẹ máa ń ṣí?"

Súpámákẹ́ẹ̀tì padà pè, wọ́n fẹ́ ẹja ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ní kí àwòrán ìwé ìjọba wà lára ọ̀rá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló dùn. Àwọn oníbàárà àtijọ́ kò gba ti ààrò tuntun. Ìyá Ṣùkúrátù, tó ti ń rajà lọ́wọ́ Mọ̀nsúrát láti ọdún kìíní, gbé ẹja kan sí imú, ó tún un gbé.

"Kí ló ṣe ẹja yìí? Kò ní òórùn iná. Ó mọ́ jù. Ẹja ọsibítù ni."

"Ẹja kan náà ni, ìyá. Ẹ tọ́ ọ wò."

"Mi ò fẹ́." Ó lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fi igi yan ẹja ní Langbasa, kò sì padà wá mọ́. Ó dun Mọ̀nsúrát ju lẹ́tà ìjọba lọ. Ó sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ kó tó padà sídìí iṣẹ́. Àmọ́ nígbà tó fi pé oṣù méjì, ó ṣàkíyèsí pé òun jí láàárọ̀, òun kírun Àsùbáà tán, òun kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Tájù bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn àwọn ayanja Langbasa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn mẹ́fà dé ìsọ̀ Mọ̀nsúrát, ìwé lọ́wọ́ oníkálukú, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ó mọ ọ̀nà. Mọ̀nsúrát fa àpótí fún wọn. Ó gba ìwé àkọ́kọ́, ó wò ó bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, ó sì bi wọ́n pé:

"Òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní? Ibo ni omi ẹja yín ń gbà lọ?"

"Ibẹ̀ yẹn ni," ni ọ̀kan wí.

"Ìjọba kò mọ 'ibẹ̀ yẹn'," ni Mọ̀nsúrát wí, ó sì yọ fóònù láti pe Rẹ̀míláyọ̀.